Ìwé Àlàyé Lórí Ibi Tí Èpò Ń Fi Ẹ̀mí Rẹ̀ Pamọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ẹni tí kò bá mọ ibi tí èpò fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́ sí, kò tíì yẹ kó ra oògùn tí yóò fi pa á. Orí gbólóhùn yìí ni gbogbo ohun tí a óò sọ nípa ike oògùn, ẹ̀rọ ìfín, òjò, àsìkò àti òfin ìjọba dúró lé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló ti ń fín oko tipẹ́ láìbéèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kórè. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó tí wọ́n ń ná, ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń padà sórí ilẹ̀ kan náà láàrin ọdún kan, ẹ sì wo ohun tí oògùn náà ń ṣe sí ara ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n háyà láti gbé e pọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó kan àpò, ilẹ̀ àti ẹ̀mí ènìyàn báyìí tó ohun tí a ń fara balẹ̀ tú palẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Ìlànà wa nìyí. Ìtumọ̀ mẹ́rin ni yóò ṣáájú. Àbá mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rí wọn yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà a óò ṣe ìṣirò kan, a óò gbọ́ àtakò mẹ́ta, a óò fún wọn lésì, a óò sì sọ àbájáde.

1. Ìtumọ̀

Ìtumọ̀ kìíní. Èpò ni ewéko tó hù síbi tí àgbẹ̀ kò fẹ́ ẹ sí, tó wá ń bá ohun ọ̀gbìn du omi, ọ̀rá ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nítorí náà, tẹ̀tẹ̀ tí à ń já sọ́bẹ̀ di èpò bó bá hù láàrin àgbàdo, àgbàdo èṣí sì di èpò bó bá lalẹ̀ hù láàrin ẹ̀wà ọdún yìí.

Ìtumọ̀ kejì. Èpò àlejò ni èyí tó ti ilẹ̀ mìíràn wá, tó fi àwọn kòkòrò àti àrùn tí ń dín in kù sílẹ̀ níbi tó ti wá, tó wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Ẹ̀kan tí à ń bá jà nínú oko wa ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1912 ló bá àwọn àpótí ọsàn tó ti Japan wá wọ ìpínlẹ̀ Alabama, nítorí pé òun ni wọ́n fi di ọsàn náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè náà ló ń náwó lé e lórí.

Ìtumọ̀ kẹta. Ẹ̀mí èpò ni apá ara rẹ̀ tó jẹ́ pé bí òun nìkan bá ṣẹ́ kù, odindi èpò náà lè tún dìde.

Ìtumọ̀ kẹrin. Oògùn apakoríko ni kẹ́míkà tí ń ba iṣẹ́ kan pàtó jẹ́ nínú ara ewéko. Iṣẹ́ kan pàtó la wí. Kò sí èyí tí ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, kò sì sí èyí tí ń dé gbogbo ibi.

2. Àbá Kìíní: Ẹ̀mí èpò kì í sábà gbé inú ewé

Ilé mẹ́rin la rí tí ẹ̀mí èpò ń gbé nínú oko wa.

Ilé kìíní ni hóró. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ewéko ń jẹ́ Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, láti Mẹ́síkò títí dé Argentina. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ ni pé ní 1937 ló bá hóró igi mẹ̀láínà wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ceylon nígbà náà, tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Enugu kó tó tàn ká. Igi rẹ̀ kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbàárùn-ún hóró lọ́dún kan. Ìparí ọdún ló ń yọ òdòdó, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló sì ń gbé hóró rẹ̀ kiri, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì ní irun lórí. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ yóò dúró de òjò àkọ́rọ̀. Kùkùté rẹ̀ pẹ̀lú kì í kú kíákíá: iná lè jó gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù kejì, kó tún rú ní oṣù kẹrin. Nítorí náà, ewé Akíntọ́lá ní ilé méjì, hóró àti kùkùté. Ẹni tó bá gé e lẹ́yìn tó ti so, ó ti pẹ́ jù fún ọdún yẹn.

Ilé kejì ni gbòǹgbò tí ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀kan ló ni ín. Ohun tí a ń rí lókè lára ẹ̀kan kéré sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò funfun, tó le, tó mú ní ṣóńṣó, tó sì ní oríkèé-oríkèé. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ojú tí ewé tuntun lè gbà yọ. Ṣóńṣó yìí ló ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, tí ìjẹrà fi ń rí ọ̀nà wọlé. Iná kì í dé ibẹ̀. Ọkọ́ ń dé ibẹ̀, àmọ́ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò dára: ó ń gé gbòǹgbò náà wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ní ojú yóò sì hù. Àgbẹ̀ tó fi ọkọ́ kọ ebè nínú ẹ̀kan láìṣa gbòǹgbò rẹ̀ jáde ti bá ẹ̀kan gbin ara rẹ̀.

Ilé kẹta ni kóró abẹ́ ilẹ̀. Cyperus rotundus ló fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, koríko tí igi rẹ̀ ní ìhà mẹ́ta, tó jẹ́ ìbátan òfio tí à ń jẹ. Ìwé tí LeRoy Holm àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní 1977 lórí àwọn èpò tó burú jù lágbàáyé fi òun ṣe àkọ́kọ́. Kóró rẹ̀ so kọ́ra wọn bí okùn lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá fa ewé rẹ̀, yóò já, kóró yóò kù sílẹ̀, èyí tó tì í lẹ́yìn yóò sì jí.

Ilé kẹrin ló ṣòro jù, nítorí pé inú ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ ló wà. Striga hermonthica ni èpò tó ń gbé ibẹ̀. Àgbàdo àti ọkà bàbà ilẹ̀ ọ̀dàn ló ń jẹ. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, ó sì lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í hù àfi bí gbòǹgbò àgbàdo tàbí ọkà bá tú èròjà kan sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Bó bá ti hù, yóò so mọ́ gbòǹgbò náà, yóò sì máa fa omi àti oúnjẹ inú rẹ̀. Kó tó yọrí jáde kúrò nínú ilẹ̀ rárá ni àgbàdo ti ń gbó, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ rí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀, iṣẹ́ ibi ti parí.

Nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tí í ṣe ewé. Ewé sì ni ojú ènìyàn ń rí, ewé ni oògùn kọ́kọ́ ń bà, ewé tó gbẹ ni wọ́n sì fi ń wọn iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. Àbá Kejì: Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó lè dé

Oríṣi ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn oògùn tí àgbẹ̀ wa mọ̀ jù ń gbà ṣiṣẹ́.

Paraquat, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gramoxone, bọ́ sí ọjà ní 1962. Ilé iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń jó. Lábẹ́ oòrùn, ó ń sọ atẹ́gùn ọ́síjìn inú ewé di ohun tí ń ba ara ewé náà jẹ́, tó fi jẹ́ pé oko tí wọ́n fín láàárọ̀ yóò ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá kan ilẹ̀, amọ̀ yóò gbé e mì, kò sì ní lágbára mọ́. Nítorí náà kò lè dé gbòǹgbò, kò lè dé kóró. Fífi í fín ẹ̀kan dà bí ìgbà tí a fá orí fún ènìyàn: irun lọ, orí kù. Síbẹ̀ òun ni àgbẹ̀ fẹ́ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yá, ó sì hàn sójú.

Glyphosate, tí Roundup jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ tàn, gba ọ̀nà mìíràn. John Franz ti ilé iṣẹ́ Monsanto ló ṣàwárí agbára rẹ̀ lórí ewéko ní 1970. Ní 1974 ló dé ọjà. Ó ń bá oje tí ewé ń sè ránṣẹ́ sísàlẹ̀ lọ títí dé gbòǹgbò àti kóró. Ohun tó ń dí lọ́wọ́ ni ẹ́ńsáìmù kan tí ewéko fi ń ṣe mẹ́ta nínú àwọn èròjà purotéènì. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra: ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí ewé tó pọ́n, ẹ̀kan tó ti gbilẹ̀ sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí kò mọ èyí yóò rí i pé ewé ṣì tutù ní ọjọ́ kẹta, yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fóun, yóò sì tún un fín, tàbí kó gé oko náà lulẹ̀ kí oògùn tó dé ibi tó ń lọ. Glyphosate kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó kékeré, èyíkéyìí tí ewé rẹ̀ bá gbà á yóò fara gbá. Kì í sì í pa hóró tó wà nínú ilẹ̀, nítorí pé amọ̀ ń gbé òun náà mì.

Oríṣi kẹta ni èyí tí à ń fín sórí ilẹ̀ kí èpò tó yọ. Metolachlor ń mú èpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nínú hóró, kó tó rí ìmọ́lẹ̀. Atrazine, tó jáde ní àwọn ọdún 1950, ń dí ọ̀nà tí ewé fi ń se oúnjẹ láti inú ìmọ́lẹ̀. Àgbàdo kì í kú nítorí pé ara rẹ̀ mọ bó ṣe ń tú atrazine ká. Ẹ̀wà kò mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ lẹ́yìn àgbàdo lè ba ẹ̀wà tó tẹ̀ lé e jẹ́. Oògùn oríṣi yìí ló ń dé ilé kìíní, ìyẹn hóró. Bí èpò bá ti ga dé orúnkún, owó ẹni tó rà á ti ṣòfò.

Oríṣi kẹrin ni 2,4-D, tó ti wà láti àwọn ọdún 1940. Ó ń da ìdàgbà ewéko elewé fífẹ̀ rú, wọn a lọ́ pọ̀, wọn a kú. Ó ń fi àgbàdo, ìrẹsì àti ìbátan wọn sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, tòmátì àti ilá jẹ́ elewé fífẹ̀, kùrukùru rẹ̀ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé wọ oko aládùúgbò sì tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìdílé. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má ní ààlà. Ẹni tó bá ń fi 2,4-D fín àgbàdo ní ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ti pa ààlà rẹ́.

Ìparí àbá kejì ni pé ibi tí oògùn lè dé gbọ́dọ̀ bá ibi tí ẹ̀mí èpò wà mu. Hóró ló ni oògùn orí ilẹ̀. Gbòǹgbò àti kóró ló ni oògùn tí ń rìn nínú ara. Ní ti ilé kẹrin, ibi tí Striga wà, fífín oko lásán kì í tó. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n gba ọ̀nà ọgbọ́n: wọ́n fi oògùn imazapyr bo hóró àgbàdo tí oògùn náà kò ràn, kí ó lè pa Striga ní ẹnu gbòǹgbò níbi tó ti fẹ́ so mọ́ ọn. Àwọn olùṣèwádìí IITA n'Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti ṣe irúgbìn àgbàdo tó ń farada Striga. Àgbẹ̀ náà lè gbin ẹ̀wà sóyà kó tó gbin àgbàdo, nítorí pé gbòǹgbò sóyà ń jí hóró Striga láìfún un lóúnjẹ, yóò hù, yóò sì kú.

4. Àbá Kẹta: Àsìkò ni ìdajì oògùn

Ẹ̀gẹ́ kì í yára bo ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èpò fi ń jẹ èrè rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ewé rẹ̀ bá ti pàdé ara wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi òjìji pa èpò. Fún àgbàdo, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló le jù. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, síbẹ̀ ohun tí hẹ́kítà kan ń mú jáde lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó lè mú jáde. Èpò inú oṣù mẹ́ta yẹn wà lára ohun tó fà á. Nítorí èyí ni IITA ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí èpò inú ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà ní 2014. Ẹ̀kọ́ tó jáde níbẹ̀ ni pé oògùn nìkan kò tó. Ilẹ̀ tí a tú dáadáa, igi ẹ̀gẹ́ tó lera, àlàfo tó yẹ láàrin igi kan sí èkejì, àti oògùn orí ilẹ̀ tí a fín kí ẹ̀gẹ́ tó yọ ojú, àwọn wọ̀nyí lápapọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ṣáájú èpò.

Ẹ̀kan náà ní wákàtí tirẹ̀. Ẹni tó bá fi glyphosate fín ẹ̀kan tó ti gbó, tí ewé rẹ̀ ti gbẹ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní rí oje tí yóò gbé oògùn lọ sísàlẹ̀. Kí a gé e tàbí kí a jó o, kí a jẹ́ kó tún rú títí yóò fi ga tó orúnkún nígbà òjò, kí a wá fín ewé tuntun yẹn. Òjò kò gbọdọ̀ rọ̀ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìfín. Omi tí a fi po oògùn gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, nítorí pé omi ẹrẹ̀ odò ń gbé glyphosate mì kó tó kúrò nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n pè ní ayédèrú, omi ẹrẹ̀ ló pa á.

Ewé Akíntọ́lá ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ rí oṣù kejìlá pẹ̀lú òdòdó lórí. Kó tó di ìgbà náà ni kí a gé e, kí a fín èyí tó bá rú láti ìdí kùkùté, kí a sì fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, nítorí pé wọn kì í tíì le.

Ewéko abolẹ̀ tún wà tí kò ní májèlé. Ẹ̀gúsí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn sáàrin iṣu àti ẹ̀gẹ́ ń fi ewé rẹ̀ bo ilẹ̀ kí èpò tó rí ìmọ́lẹ̀. Ní agbègbè Mono ní gúúsù Benin, ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yúni, kí ó lè dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀ tó ti ṣá. Àwọn àgbẹ̀ ló fi ojú ara wọn rí i pé ó tún ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ títí tí ẹ̀kan fi ń tán. Nítorí rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ṣe gbà á. Òjìji jẹ́ oògùn tí ń dé ilé kejì, nítorí pé gbòǹgbò tí ewé rẹ̀ kò rí oòrùn kò ní rí oúnjẹ.

5. Ìṣirò

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń wọn oògùn pẹ̀lú ìdérí ike, agolo tòmátì, tàbí ojú lásán. Ìṣirò tí ń bọ̀ yìí kò gba ju okùn, omi àti ike tó ní àmì lítà lọ.

Wọn mítà mẹ́wàá lóòró àti mẹ́wàá níbùú. Bu omi lásán sínú ẹ̀rọ ìfín, kí o mọ iye tó jẹ́. Fín ibi tí o wọ̀n yẹn bí o ṣe máa ń rìn gan-an, kí o sì wo iye omi tó lọ. Bó bá jẹ́ lítà 2, hẹ́kítà kan yóò gba lítà 200, nítorí pé ọgọ́rùn-ún irú ibẹ̀ ló wà nínú hẹ́kítà. Bí ìwé ara ike bá ní lítà 4 oògùn fún hẹ́kítà, pín mìlílítà 4,000 sí ọ̀nà 200: mìlílítà 20 ni ti lítà omi kan, mìlílítà 320 sì ni ti ẹ̀rọ tó ń gba lítà 16.

Ẹ jẹ́ ká wá ní ẹlòmíràn gba ẹ̀rọ náà, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, tó fi jẹ́ pé lítà 3 ló ń lọ sórí ibi kan náà. Bó bá ń bu mìlílítà 320 kan náà sínú ẹ̀rọ, lítà 6 ló ń fín sórí hẹ́kítà dípò 4. Kò fi kún oògùn inú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi kún un. Nítorí náà, ẹni tí yóò fín oko ni kó wọn omi náà, kí a má fi ìrìn ọ̀gá ṣe òṣùwọ̀n ìrìn lébìrà. Kí a sì lo ẹnu ẹ̀rọ tí ń fín oògùn jáde ní pẹrẹsẹ. Èyí tí ń tú u ní kùrukùru yíká, ti oògùn kòkòrò ni.

6. Àtakò àti Èsì

Àtakò kìíní. Wọ́n ní: ọkọ́ ni àwọn baba wa fi ro oko, wọn kò lo kẹ́míkà, wọ́n sì jẹun yó.

Èsì. Òótọ́ ni, ọgbọ́n wọn sì jinlẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní àáró àti ọ̀wẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó sinmi. Ilẹ̀ náà ti há báyìí, àáró ti ṣọ̀wọ́n, owó lébìrà sì ti ga. Bí a bá ní kí àgbẹ̀ òde òní fi ọkọ́ nìkan ro ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn àwọn obìnrin ni iṣẹ́ náà yóò já lé, àwọn ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé yóò sì bá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. A kò lè fi ojú fo ìyẹn. Oògùn tí a lò dáadáa ń dá ọjọ́ padà fún ìyá àti ọmọ.

Àtakò kejì. Wọ́n ní: májèlé ni.

Èsì. Májèlé ni lóòótọ́, a sì fara mọ́ àtakò yìí débi tí àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí kò fi yẹ kó wà nínú oko mọ́. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹnu kan péré tí ènìyàn bá gbé mì lè pa á, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò máa le mọ́ ọn láyà títí yóò fi kú. Awọ ara tó bó tàbí tó ní egbò ń gbà á wọlé. Òórùn burúkú, àwọ̀ aró àti oògùn èébì tí wọ́n fi sí i kò dá ikú dúró. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin lé e jáde ní 2007. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de paraquat ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá fi ọ̀kan nínú méjèèjì lọ̀ ní ìsọ̀ lónìí, ohun tí òfin ti kọ̀ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ní ti glyphosate, ní 2015 ni àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó parí àríyànjiyàn wọn, ohun tó tọ́ sí ẹni tó ń fín oko kò lè dúró: bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ẹ̀wù apá gígùn, àti omi pẹ̀lú ọṣẹ nítòsí. Ẹni tó háyà rẹ̀ ló yẹ kó rà wọ́n. Ọ̀gá oko tó ní owó oògùn lọ́wọ́ tí kò ní ti ìbọ̀wọ́ ti fi ara ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè rẹ̀.

Àtakò kẹta. Wọ́n ní: kí ló dé tí a kò kúkú máa lo oògùn kan tó dára, kí a pọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ tán?

Èsì. Wọ́n ti dán an wò ní ibòmíràn. Ní 1996, wọ́n rí koríko kan ní Ọsirélíà, Lolium rigidum, tí glyphosate kò ràn mọ́. Ọdún kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti ṣe kí glyphosate má ràn án, òwú àti àgbàdo irú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fín lọ́dọọdún sórí ilẹ̀ tó lọ salalu. Kò tó ọdún mẹ́wàá, ìbátan tẹ̀tẹ̀ kan, Amaranthus palmeri, gba oko òwú ìpínlẹ̀ Georgia, glyphosate kò sì lè mú un. Abo rẹ̀ kan lè so ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún hóró. Àwọn tó yẹ inú rẹ̀ wò rí i pé ẹ́ńsáìmù tí oògùn ń dí, ó ti sọ ohun tí ń ṣe é di ìlọ́po-ìlọ́po nínú ara rẹ̀, títí tí oògùn fi kéré sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ní katakata padà háyà ènìyàn láti fi ọkọ́ ro òwú. Oògùn kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, lọ́dọọdún, ìwọ̀nba èpò tí kò ràn ni yóò máa fi sílẹ̀ láti bímọ. Nítorí náà, kí a máa pààrọ̀ oògùn tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn yàtọ̀, kí a pààrọ̀ ohun ọ̀gbìn, kí ọkọ́ sì tẹ̀ lé ẹ̀rọ láti mú èyí tó bá ṣẹ́ kù kó tó so.

7. Àbájáde

Láti inú ohun tí a ti fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, òfin márùn-ún jáde.

Èkíní, mọ orúkọ èpò náà, kí o sì wa ìdí rẹ̀ wò, kí o tó mọ oògùn rẹ̀. Èkejì, mú oògùn tó lè dé ibi tí ẹ̀mí èpò náà wà, tí kò sì ní pa ohun tí o gbìn tàbí ohun tí o fẹ́ gbìn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, fín in ní wákàtí rẹ̀: láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, lórí ewé tó ń dàgbà tàbí lórí ilẹ̀ tó tutù, gẹ́gẹ́ bí oògùn náà bá ṣe fẹ́. Ẹ̀kẹrin, fi omi wọn ìrìn rẹ, kí o sì tẹ̀ lé iye tó wà lára ike. Ẹ̀karùn-ún, ṣan ike tó bá ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta, da omi ìṣan rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfín, gún ike náà kó má ṣeé lò mọ́, má ṣe fọ ẹ̀rọ lódò, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ike náà ta epo tàbí kí wọ́n gbé omi mímu sínú rẹ̀.

Okezie Akobundu, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí èpò ní IITA, gbé ìwé Weed Science in the Tropics jáde ní 1987. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Agyakwa, tún ṣe ìwé tó fi àwòrán àwọn èpò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ọjà ni kò tíì dé. Àgbẹ̀ máa ń wọ ìsọ̀, yóò ní kí wọ́n fún òun ní oògùn oko, wọn yóò mú èyí tó sún mọ́ ọwọ́ jù lórí pẹpẹ fún un, yóò sanwó, yóò lọ. Láàrin ìbéèrè rẹ̀ àti owó rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oògùn oko, àti lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n sọ ìbéèrè mẹ́ta di dandan ní gbogbo ìsọ̀: èpò wo ni, kí lo gbìn sí oko náà, kí lo sì fẹ́ gbìn tẹ̀ lé e? Kí àwòrán èpò ogún tó wọ́pọ̀ jù ní agbègbè náà wà lára ògiri ìsọ̀, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n àti ibi tí ẹ̀mí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n ní kó padà lọ fa èpò kan wá tòun ti gbòǹgbò. Yóò pàdánù ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní pàdánù ọdún kan.